Àtàǹpàkò Belarmino àti Géèjì Olójú Gíláàsì

Fún ogójì ọdún, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Belarmino Suesca ni gbogbo ìlú Toquiza fi ń wọn atẹ́gùn táyà kẹ̀kẹ́. Bí ẹnì kan bá ti kẹ̀kẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Belarmino á ká etí ruana, aṣọ òtútù rẹ̀ onírun àgùntàn, sí èjìká, á tẹ táyà náà lẹ́ẹ̀kan, á di ojú bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, "Ó ku díẹ̀," tàbí, "Ó tó." Ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Àwọn tó ń gbé wàrà, àwọn tó ń lọ sóko ànàmọ́, àwọn tó ń sáré kẹ̀kẹ́ gun òkè lọ́jọ́ Sunday, ọ̀rọ̀ ẹnu ìka yẹn ni gbogbo wọn ń gùn.

Ṣùgbọ́n ìka náà a máa darúgbó. Òtútù orí òkè Boyacá ti ráyè wọ oríkèé rẹ̀, awọ rẹ̀ sì ti yi bí awọ bàtà àgbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, níbi eré kẹ̀kẹ́ ọdún Wúńdíá ti Carmen, Marleny Chaparro ló wà níwájú. Ọmọbìnrin yìí a máa gbé wàrà kiri láàárọ̀, lọ́jọ́ Sunday a sì máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Ó ku kìlómítà mẹ́ta kó dé ìdí àgbélébùú orí òkè nígbà tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ lórí òkúta. Táyà tí àtàǹpàkò sọ pé ó tó ni. Marleny gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn dé òpin, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Àìbú yẹn ló dun Belarmino ju gbogbo èébú lọ.

Nígbà tí ọdún Wúńdíá mìíràn ku oṣù kan, Marleny wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi 'Don', oyè tí wọ́n fi ń bọlá fún àgbà, pè é.

"Don Belarmino, ẹ má bínú o. Àwọn ẹgbẹ́ wa ti sọ̀rọ̀. Octaviano tó ṣí ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ìlú ti ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn. Wọ́n ní táyà tí ẹ bá tún fọwọ́ lásán tẹ̀, àwọn ò ní gùn ún."

"Octaviano wo? Èyí tí èmi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ túùbù?"

"Òun náà ni, bàbá. Ó ṣì máa ń ní ká kí yín."

"Kó fi ìkíni ẹ̀ lẹ túùbù."

Marleny rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. "Ẹ ra géèjì, bàbá. Ẹyọ kan péré. Tó bá ti péye, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo wa ń bọ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n máa gbà lọ."

Ubaldina, ìyàwó Belarmino, tó ń yan arepa, àkàrà àgbàdo, tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, kò gbé ojú kúrò lórí iná.

"Ogójì ọdún lẹ fi ń tẹ táyà kiri," ó ní. "Ẹ ò jẹ́ tẹ orí ara yín wò, bóyá atẹ́gùn ló wà níbẹ̀."

Báyìí ni Belarmino ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sogamoso lọ́jọ́ Tuesday, òun àti àgbá kẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ kún fún atẹ́gùn. Ó gbé e lé itan bí ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ sọ lórúkọ. Èrò rẹ̀ ni pé èèyàn kì í ra bàtà láìmú ẹsẹ̀ dání.

Crisanto tó ni ṣọ́ọ̀bù ohun èlò kẹ̀kẹ́ kó géèjì mẹ́ta sórí tábìlì fún un. Àkọ́kọ́ rí tín-ín-rín bíi bírò, tí ọ̀pá kékeré onínọ́ńbà kan máa ń yọ jáde ní ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá pésò ni. Èkejì rí roboto, ó ní abẹ́rẹ́ àti gíláàsì lójú, ẹgbẹ̀rún márùnlélógójì. Ẹ̀kẹta ń lo bátìrì, nọ́ńbà máa ń tàn lójú rẹ̀; ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Tí bátìrì bá kú ńkọ́?" Belarmino bi í.

"Ẹ ó ra òmíràn, Don."

"Ohun tó ń kú kọ́ ni mo wá rà. Gbé e kúrò."

Ó mú olójú gíláàsì, ó kì í bọ ẹnu túùbù. Àádọ́rùn-ún. Iye tó tọ́ ni, inú rẹ̀ dùn. Ó yọ ọ́, Crisanto tẹ bọ́tìnnì kan lára rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ lè padà sí òdo, Belarmino tún kì í bọ̀ ọ́. Ọgọ́rin ó lé mẹ́jọ. Ó tún un ṣe. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ìgbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀keje, abẹ́rẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ sí méjìdínlọ́gọ́rin, ojú Belarmino sì ti pọ́n.

"Òpùrọ́ ni! Táyà kan náà, ọ̀rọ̀ méje!"

"Don, ẹ gbọ́ 'fíì' yẹn nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́?"

"Mo gbọ́."

"Atẹ́gùn tó ń jáde nìyẹn. Géèjì ò purọ́. Ẹ̀yin lẹ ń tú táyà náà, tí ẹ tún ń bínú pé ó ń rọ̀."

Obìnrin kan tó wá ra ṣéènì bú sẹ́rìn-ín, Belarmino sì wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti jáde. Crisanto fún táyà náà ní atẹ́gùn padà, ó sì fi hàn án. Fún atẹ́gùn dé ibi kan náà, wọ̀n ọ́n; fún un dé ibẹ̀ padà, tún un wọ̀n. Géèjì tó bá ń sọ ohun kan náà nígbà gbogbo lèyí tó dára. Má sì ra èyí tí wọ́n ṣe fún táyà ọkọ̀ ẹrù, nítorí ìlà rẹ̀ há mọ́ ara wọn débi pé ojú àgbàlagbà kò ní yà á sọ́tọ̀. Olójú gíláàsì yìí tún ní ìwà kan tó wu Belarmino: bí a bá yọ ọ́ lẹ́nu táyà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á dúró síbi tó dé, títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì kékeré náà kó tó padà sí òdo.

"Èyí tó dà bíi bírò yìí náà sọ àádọ́rùn-ún," Crisanto ní. "Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta tiyín. Òótọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ."

"Ṣé dókítà ni mí tí màá máa ki bírò bọ nǹkan lẹ́nu? Olójú gíláàsì ni mo fẹ́. Èyí tí èèyàn rí tó máa bẹ̀rù."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi nájà. Níkẹyìn, kí ó lè ráyè jẹun ọ̀sán, Crisanto ju bírò náà sínú àpò gẹ́gẹ́ bí èènì. Nígbà tí Belarmino délé, inú dúrọ́ọ̀ àwọn ìṣó tó ti dógùn-ún ló sọ ọ́ sí.

Ní Toquiza, kò sí ohun tó ń yí tí wọn kì í bù kún lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú eré. Ọkọ̀ ẹrù, alùpùpù, ọmọlanke, kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ a tò síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Fadá Anselmo a sì jáde pẹ̀lú korobá omi mímọ́ àti ìdì ewé olóòórùn dídùn. Fadá yìí kì í wọ́n omi bí àwọn fadá yòókù. Ó máa ń rọ̀jò ni. Belarmino pinnu pé géèjì òun náà gbọ́dọ̀ rí ìbùkún gbà. Ó wọn táyà Marleny, ó bá àádọ́rùn-ún, ó sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀, kí Wúńdíá lè rí iye tí wọ́n ń fẹ́ gan-an. Ó tún rò ó síwájú sí i. Ìbùkún tó bá dúró lórí gíláàsì, kí ló fẹ́ ṣe fún abẹ́rẹ́ tó wà nínú? Ó mú irin tí wọ́n fi ń tú bóòtì, ó sì ṣí gíláàsì náà kúrò.

Nígbà tí Fadá dé iwájú rẹ̀, ó gbé géèjì náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má ṣahun sí i o, Fadá!"

Fadá kò ṣahun. Ó ri ewé náà bọ korobá dé ọrùn. Belarmino dé gíláàsì padà, ó gbé géèjì síwájú ère Wúńdíá lójú fèrèsé, ìrì dídì sì bọ́ sórí Toquiza mọ́jú.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, kẹ̀kẹ́ mọ́kànlá ló tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Belarmino ń fọwọ́ fún wọn ní atẹ́gùn bí ìka rẹ̀ ti rò ó, ó ń ki géèjì bọ wọn lẹ́nu, ó sì ń kéde. Àádọ́rùn-ún! Àádọ́rùn-ún! Ní ti kẹ̀kẹ́ Marleny, tó ti gùn ún lọ sílé tó sì gùn ún padà, tí àtàǹpàkò sì ní kí atẹ́gùn rẹ̀ dín kù díẹ̀, àádọ́rùn-ún níwájú, àádọ́rùn-ún lẹ́yìn.

"Ẹ ò rí nǹkan?" ó kígbe. "Àtàǹpàkò mi ò ṣìnà láti ọjọ́ yìí! Géèjì ló wá jẹ́rìí ẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé géèjì sórí tábìlì Ubaldina, ó na ọwọ́ mú arepa kan. Ubaldina tẹjú mọ́ géèjì náà fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni atẹ́gùn inú arepa mi?"

"Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Àádọ́rùn-ún ló ń sọ. Orí tábìlì ló sì wà."

Belarmino gbé e. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tún un tẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n létí, ó sì gbọ́ bí ègé omi mímọ́ tó ti dì ṣe ń kan gíláàsì. Abẹ́rẹ́ kò mira.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí eré bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ àyàfi òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó lè dákẹ́. Géèjì tí Fadá bù kún ni, ta ló máa bá a jiyàn? Ó wo Marleny tó ń so okùn bàtà, ó sì rántí bó ṣe gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká lọ́dún tó kọjá láìsọ̀rọ̀.

"Ẹnikẹ́ni má lọ o!" ó kígbe. "Géèjì yìí ti kú. Èmi ni mo pa á. Ẹ kó kẹ̀kẹ́ padà wá!"

"Áà, Don Belarmino," ọkùnrin kan ní, "omi mímọ́ ló wà lára ẹ̀, kò lè purọ́!"

"Omi náà mọ́. Inú géèjì ni kò yẹ kó wà."

Ó tú dúrọ́ọ̀ ìṣó dà sílẹ̀, ó wá bírò Crisanto jáde, ó nù ún mọ́ ruana rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn Marleny: méjìdínlọ́gọ́ta. Ti ọkùnrin tó ń jiyàn: márùndínlọ́gọ́fà, ó le bí òkúta. Kò sí méjì tó bára mu nínú gbogbo wọn. Bí ó ti ń fún wọn ní atẹ́gùn tó ń tú u, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù, ẹ̀rín àwọn èèyàn sì ń lọ sókè.

"Àtàǹpàkò tí kò ṣìnà!" wọ́n ń pariwo. "Ó mà ṣe wẹ́kú o!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà má gbé kẹ̀kẹ́ lọ."

Ó ń wọn èyí tó gbẹ̀yìn nígbà tí Fadá Anselmo dé pẹ̀lú korobá rẹ̀, tó ti gbọ́ pé géèjì mìíràn ti jáde.

"Gbé e wá, ọmọ mi, kí n bù kún òun náà."

Belarmino sáré ki bírò náà sábẹ́ ruana.

"Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu ṣe é."

Marleny ṣe ipò kẹrin. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló rẹ̀, kì í ṣe táyà. Nínú àwọn mọ́kànlá, ẹyọ kan kò bẹ́. Lọ́jọ́ Monday, kẹ̀kẹ́ mọ́kànlá ẹlẹ́rẹ̀ tún wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí Ubaldina tó dáná, Octaviano sì ránṣẹ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta bírò bẹ́ẹ̀ ní Sogamoso.

Olójú gíláàsì ṣì wà lára ògiri, lábẹ́ ère Wúńdíá. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún mọ́ àádọ́rùn-ún. Bí Ubaldina bá ń ja ọkọ rẹ̀ níyàn, ohun tó máa ń na ìka sí nìyẹn.

"Ẹ bi í," á ní. "Ẹ̀yin àti òun lẹ kì í yí ọ̀rọ̀ padà nílé yìí."