Ọ̀pá Ìyá Ọmọ́dára

"Màmá, bí oorun bá gbé ẹ̀yin náà lọ, ta ni yóò jí yín?"

Tímótì bíríkìlà ló bi Ìyá Ọmọ́dára léèrè bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ìníṣà, bó ti ń fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ níbi tí màmá ti gún un. Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí o bá bá mi lójú oorun nílé Olúwa, gba ọ̀pá yìí, kí o gún èmi náà. Mo jẹ ọ́."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, láti máa fi ọ̀pá gígùn jí ẹni tó bá ń sùn nígbà ìwàásù. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà náà. Ìgbà tí tirẹ̀ dúró ni wọ́n tó gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́, torí kò ní pa ìsìn kankan jẹ mọ́. Kò mojú ẹnikẹ́ni. Ó gún wòlíì fúnra rẹ̀ rí.

"Àdúrà ni mo ń gbà, màmá!"

"Kí ló dé tí àdúrà ń hanrun?"

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́ náà ló gbé ooru lé e lára. Nínú ọyẹ́, tí gbogbo èèyàn ń gbọ̀n, òun ń fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀, sùtánà rẹ̀ á rin gbindin. Ọmọ rẹ̀, Ọmọ́dára, mú un lọ sí ọsibítù kan ní Ìkìrun. Màmá ní kó dúró níta.

Dókítà obìnrin là á yé e pé ara rẹ̀ ti dín èròjà kan tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ kù, oògùn oníhóró ni yóò fi dí i. "Oríṣi méjì ni, màmá. Ọ̀kan wà fún ooru náà. Èyí ń dáàbò bo ilé ọmọ, ṣùgbọ́n ó máa ń kun ọ̀pọ̀ obìnrin lóorun. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn ni kí ẹ máa lò ó."

"Rọra, dókítà. Ọmọ mi ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà."

Nílé, ó ní oògùn orúnkún ni. Ìtìjú yẹn ló kó bá a. Oògùn kì í kọjá ọ̀fun Ìyá Ọmọ́dára bí kò bá fi omi àdúrà gbé e mì, láàárọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn orúnkún?

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wòlíì ń wàásù lórí àwọn wúńdíá tó sùn. Tímótì ń tòògbé. Màmá na ọ̀pá sí i. Ọ̀pá dé èjìká Tímótì, màmá kò dé ibẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń hanrun, ó fara ti ọ̀pá.

Tímótì lajú. Bó bá yẹ̀, màmá á ṣubú. Ọkùnrin tí kò gbọ́ ìwàásù tán rí wá dúró bí òpó, ó fi èjìká gbé e ró títí dé àmín. Àmín náà ló jí màmá.

"Ẹ ṣeun tí ẹ jí mi," ni Tímótì wí, sókè, kí gbogbo ìjọ lè gbọ́.

Ojú ti Ìyá Ọmọ́dára débi pé kò rí ilẹ̀ wọ̀. Wòlíì ti ń mẹ́nu ba ẹ̀mí oorun àti ààwẹ̀ gbígbẹ. Màmá na ọ̀pá sí Tímótì. "Gún mi. Mo jẹ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn yín ná, màmá."

Màmá yíjú sí ìjọ, ó ń wo ilẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀mí. Oògùn ooru ara ni, ti obìnrin tó ti kọjá nǹkan oṣù. Ìgbà oorun ni wọ́n ní kí n lò ó. Ojú ló tì mí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó wòlíì fà á lọ sẹ́yìn ilé. "Ọsibítù wo lẹ lọ?"

Láti ìgbà náà, orí ibùsùn ló ń lò ó. Oorun tí ooru ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà bọ̀, ọ̀pá rẹ̀ náà sì rọ̀: kì í gún ni mọ́, ó kàn ń rọra kanni ni.

Màmá dàgbà dáadáa kó tó kú. Òkukù, ìlú bàbá rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí. Tímótì ló gbé ọ̀pá tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n gbé pósí sílẹ̀, ó na ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kàn án, Tímótì fà á padà, ó gbé e lé èjìká tí màmá sùn lé lọ́jọ́sí.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn yín, màmá. Ẹ sùn dáadáa."