Ọkọ̀ Asáré Tí Ọkọ Màmá Fi Sílẹ̀

Mo rántí ìgbà tí a kọ́kọ́ ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn ilé olùkọ́ yunifásítì kan ní Ẹdẹ ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ igi máńgòrò, eruku sì ti bo tapólì ọ̀hún débi pé ipa ẹsẹ̀ alángbá hàn lórí rẹ̀. Bí mẹkáníìkì ṣe ṣí ilẹ̀kùn, òórùn awọ àti ti súìtì míǹtì ló jáde pàdé wa. Obìnrin tó ni ilé, tí mo ń pè ní Màmá, yí ojú kúrò. Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ wọn ti kú nígbà náà, àwọn fúnra wọn kò sì tíì jókòó sínú ọkọ̀ náà rí, kódà ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Agboolé wa wà nínú Ẹdẹ àtijọ́, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà ni mo sì ń ṣe. Bàbá mi ló kọ́ mi. Píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan ni wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti Alajue wá sí Ẹdẹ, nígbà tí orúnkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, èmi ni mo bọ́ sídìí sítíárì. Obìnrin tó ń wa píkọ́ọ̀pù ẹ̀gẹ́ kò pọ̀ nílùú wa. Bí àwọn ọlọ́kadà bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé iyì ni wọ́n ń bù fún mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Mẹkáníìkì tó ń tún píkọ́ọ̀pù wa ṣe ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Èkìtì ni wọ́n ti wá, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí n máa wá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n wa ọkọ̀ náà láti Ẹdẹ dé Sekona, kí n sì wà á padà, kí ẹ́ńjìnnì má baà dákú kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé. Wọ́n ní àwọn yóò máa bá mi lọ. Mo rò pé wọn kò fọkàn tán mi ni.

Kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, mẹkáníìkì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní nínú píkọ́ọ̀pù wa, táyà ẹ̀yìn méjì péré ló ń ti ọkọ̀ lọ, àwọn ti iwájú kàn ń júwe ọ̀nà ni. Ó ní nínú ọkọ̀ asáré yìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá bọ́ sórí ẹrẹ̀ tó fẹ́ máa yí lásán, ẹ́ńjìnnì á gbé agbára fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀. Mo ń mi orí bí ẹni tí ó yé. Kò yé mi rárá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bí mo ṣe jókòó, àga náà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé táyà àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ojú mi ń wò. Ó gbá mi mú níhà méjèèjì bí ìgbà tí ìyá bá fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Kòtò kékeré tí píkọ́ọ̀pù kì í kà sí, gbogbo eegun ẹ̀yìn mi ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tí a dé ibi bọ́ǹpù, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi gbé ọkọ̀ náà gùn ún, díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń ta búrẹ́dì sì dúró tí wọ́n ń wò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a já sí títì tó lọ sí Sekona, tí ọ̀nà là gbọọrọ níwájú wa, mo tẹ tọ́tù. Èmi tí mo mọ bí ìdí píkọ́ọ̀pù ṣe máa ń jó sọ́tùn-ún sósì bí ilẹ̀ bá tutù, n kò rí irú èyí rí. Ìrì ṣì wà lójú títì, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò jó, kò yọ̀. Ó kàn lọ ni. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, àwọn oko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì para pọ̀ di àwọ̀ ewé kan ṣoṣo.

Màmá di àpò wọn mú lórí ẹsẹ̀. "Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ rẹ?" wọ́n bi mí.

"Ó dáa gan-an ni, Mà."

Wọ́n ní, "Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo ní ó ń sáré. Mo ní ó lágbára. Mo ní ó dùn. Wọ́n á wo ẹnu mi títí, lẹ́yìn náà wọ́n á kọjú síta, a ó sì máa lọ. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé kí ni Màmá tilẹ̀ ń fẹ́ kí n sọ.

Láàárín oṣù kan, orí mi ti wú. Ọjà, ilé, ibikíbi tí mo bá dé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ló ń wà lẹ́nu mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ròyìn fún bàbá mi lórí ìjókòó wọn lẹ́nu ọ̀nà pé mọ́tò kan wà tí kì í yọ̀, pé bí òjò rọ̀, bí kò rọ̀, bákan náà ni. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ," ni wọ́n wí. "Tó bá wá fẹ́ dúró ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bíréèkì rẹ̀ náà dára.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò ti rọ̀ láti ìdájí, ó sì ṣì ń rọ̀ nígbà tí a jáde. Màmá bi mí bóyá kí a dúró. Mo ní kò sí nǹkan kan, Mà, irú ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe mọ́tò yìí fún. Òótọ́ ni mo sọ títí a fi kọjá àwọn ilé. Omi dúró lójú títì, àwọn ọkọ̀ yòókù ń rọra fà, àwa sì ń kọjá lára wọn bí ẹni pé oòrùn ló ń ràn. Bí mo bá ti tẹ tọ́tù, ó ń gbà. Nítorí pé ó ń gbà, n kò mọ bí eré wa ti pọ̀ tó.

Kọ́ńà kan wà kí a tó dé Sekona tí koríko gíga bo ojú rẹ̀. Bí a ṣe yọ síbẹ̀, ọ̀kadà kan dúró lójú títì, àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dì sẹ́yìn rẹ̀ ti ya, bàbá àgbẹ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọkọ̀ sì ń lọ. Bíréèkì kò ní agbára kankan ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ lórí omi, táyà mẹ́rin tó ń fa wá lọ kò lè fà wá sẹ́yìn. Mo yí sítíárì sápá ọ̀tún. A bọ́ sínú koríko, ó ń nà wá lójú gíláàsì, a sì dúró. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá àgbẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, kò jìnnà sí mi ju bí apá kan lọ. Ó di ẹ̀gẹ́ kan mú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń wò mí.

Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwa la jẹ̀bi. Èmi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ọmọ márùn-ún ló ń retí mi nílé," ni ọkùnrin náà sọ, kò sì pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó ní alihamudulilahi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ṣa ẹ̀gẹ́ náà tán. Màmá fi ìborùn wọn di ojú ibi tí àpò ti ya.

Nígbà tí ó lọ, a padà sínú ọkọ̀, n kò sì lè yí kọ́kọ́rọ́. Mo ń sunkún. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

"Ọkọ mi bẹ̀ mí títí pé kí n wá jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí," ni Màmá wí. "Mo ní tó bá fẹ́ ṣe bí ọmọdé, kó lọ ṣe bí ọmọdé fúnra rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń bẹ̀ mí. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló pa á. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń lọ bá lójú títì yìí, mi ò sì rí ẹni bi."

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń bi mí láti ọjọ́ yìí. Mo nu ojú mi, mo sì sọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀. Mo sọ pé bí a bá fẹ́ wọ kọ́ńà, imú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ́ra bí ẹni tí kò fẹ́ yà, ṣùgbọ́n béèyàn bá mú sùúrù, tó wá rọra tẹ tọ́tù láàárín kọ́ńà, ọkọ̀ náà á ká ara rẹ̀ jọ, á sì fa ara rẹ̀ yọ lódìkejì. Mo sọ pé èèyàn ń mọ̀ ọ́n lára pé iwájú ń fà, ẹ̀yìn ń tì, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn jà. Mo sọ pé ọkàn èèyàn máa ń balẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ni mo gbọ́kàn lé tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa baba ọlọ́mọ.

Màmá mi orí. Wọ́n ní kí n dìde, kí n wá sápá ibi tí àwọn wà.

Wọ́n ní mọ́tò kékeré tiwọn tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́, wọ́n mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Wọ́n rọra gbé e padà sórí títì. A rìn bí ẹni tó ń gbé ẹyin lọ sọ́jà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ Ẹdẹ, òjò ti dá, ọ̀nà mọ́, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú, wọ́n sì tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀kan, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan bóyá. Mo rí i bí ẹ̀yìn wọn ṣe lẹ̀ mọ́ àga. Wọ́n sọ tọ́tù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí a dé ibi tó yẹ ká ti yà sílé, wọn kò yà. A lọ dé ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun kí wọ́n tó yí i padà.

Sátidé mẹ́rin mìíràn ni mo fi bá wọn jókòó, èmi lápá ọ̀tún, àwọn nídìí sítíárì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n má ṣe ìyọnu wíwá mọ́. Wọ́n sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà pé àwọn kò tà á mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, òun náà ni wọ́n wà lọ sí Èkìtì, wọ́n sì pè mí lórí fóònù pé àwọn ti dé láyọ̀.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni mo ń wà báyìí. Bí òjò bá rọ̀, àwọn òbí kan máa ń sọ pé mo ń pẹ́ jù, wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Jẹ́jẹ́, n kò sì bá wọn jiyàn. N kò tún jókòó sínú ọkọ̀ asáré mọ́ láti ìgbà náà, kò sì wù mí púpọ̀.

Mo ti lọ́kọ báyìí, ọkọ mi sì ń sin ẹyẹlé. Kò sí ohun tí mo rí lára ẹyẹlé títí di òní, ìyàgbẹ́ wọn ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bó bá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, mo máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀, mo máa ń fa àpótí, mo sì máa ń jókòó tì í.