Ọjọ́ tí Ohùn Bàbá Kò Jí

Túuwò ni wọ́n ń pè é láti kékeré. Ohunkóhun tó bá ń dún, á tú u wò: rédíò, fáànù, aago ògiri. Nígbà tó dàgbà, kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe nínú yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀. Òun náà ló ń tọ́jú bàbá ọ̀hún.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Aláriwo ni. Àìsàn ọ̀fun ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, dókítà sì ní kò ní padà mọ́. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan ló wá ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá á tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ á kà á jáde. Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Kò ní òmíràn.

Ẹ̀rọ náà ti gbó, kò lè dá jí mọ́. Inú fláàṣì kékeré kan ni àwọn fáìlì tó ń jí i wà. Kó má baà sọnù, Túuwò fi okùn so ó kọ́ bàbá lọ́rùn. Láràárọ̀ á yọ ọ́, á kì í bọ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ti jí, á dá a padà sọ́rùn bàbá.

Nígbà tó yá, ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Túuwò ra kíbọọ̀dù onílẹ́tà gbàǹgbà fún un. Ẹ̀rọ lóun ò mọ irú ẹ̀ rí. Ni Túuwò bá ní òun á ṣe kóró tuntun fún ẹ̀rọ. Kóró ló ń pe ohun tó wà ní àárín gbùngbùn ẹ̀rọ, tó ń pàṣẹ fún ìyókù.

"Kóró?" Ẹ̀gbọ́n bàbá ló sọ̀rọ̀, ìyá àgbà tó wá kí wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Kóró tí wọn ò gbìn?"

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ráyè."

Ẹ̀rọ ń to kóró jọ, ó gbóná bí ààrò. Nígbà tó parí, Túuwò kó àwọn fáìlì ìjí tuntun sínú fódà wọn. Àyè ò tó nínú ẹ̀rọ, ó pa kóró àtijọ́ rẹ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ fláàṣì lọ́rùn bàbá, ó kì í bọ̀ ọ́, ó tan ẹ̀rọ.

Dúdú. Lẹ́tà funfun díẹ̀ yọ: ẹ̀rọ ń wá kóró àtijọ́, kò rí i. Ó dákẹ́.

Túuwò yọ fláàṣì, ó dá a padà sọ́rùn bàbá bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi fláàṣì iṣẹ́ tirẹ̀ jí ẹ̀rọ, ó yẹ fódà wò. Fáìlì tuntun wà níbẹ̀, ó pé pérépéré.

"Wọ́n wà níbẹ̀! Kí ló dé tí kò rí wọn?"

"O ti pa ohùn àbúrò mi," ni ìyá àgbà wí. "Túuwò, o ti tú u wò, o ti pa á!"

Bàbá ń na ìka sí ọ̀fun rẹ̀. Ó nà á, ó tún nà á.

"Wò ó! Ó ń bèèrè ohùn ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ!"

Ojú Túuwò kún fún omijé. Ìka bàbá kan fláàṣì, fláàṣì mì. Túuwò gbá fláàṣì mú.

"Yéè! Ọrùn yín ló wà! Bàbá, ọrùn yín ló wà nígbà tí mò ń kó wọn!"

Fódà tó kó fáìlì sí, yàrá òfìfo lásán ni, inú ẹ̀rọ ló wà. Fláàṣì ló yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí fáìlì lè gba ibẹ̀ wọ inú fláàṣì, fláàṣì ò sì sí níbẹ̀. Ohun tó ń jí ẹ̀rọ ò gbọ́ nǹkan kan nípa kóró tuntun.

Ó yọ fláàṣì lọ́rùn bàbá, ó kì í bọ ẹ̀rọ, ó so ó mọ́ fódà, ó tún gbogbo ẹ̀ kó. Ó pa ẹ̀rọ, ó wá tan ẹ̀rọ náà padà. Ẹ̀rọ jí. Kíbọọ̀dù gbàǹgbà náà tan iná.

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Túuwò àti ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Omi," ni ẹ̀rọ wí.

Wọ́n wo ara wọn.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí látẹ̀ẹ̀kan, mò ń fi ọ̀fun hàn yín."

Túuwò sáré lọ bu omi. Bàbá tún ń tẹ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.

"Bu ti ẹ̀gbọ́n mi náà. Ẹnu wọn á ti gbẹ."