Ìtọ̀ Tí Wọ́n Bomi Là

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ti sọ mí di ẹni tí kì í fọkàn tán ènìyàn. Ní Maiduguri níbí, mo ti rí ẹni tó gbé ìtọ̀ àbúrò rẹ̀ wá, mo ti rí ẹni tó po tíì sínú ike dípò ìtọ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan láti àdúgbò Hausari mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọlé, tó ní, "Dókítà, ẹ bá mi wò ó. Ó ní òun lóyún, àyẹ̀wò ń sọ pé rárá," ojú ọmọbìnrin náà ni mo kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ikùn rẹ̀.

Ọmọ oníṣòwò Yorùbá ni, Yerwa, ìyẹn Maiduguri yìí kan náà, ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ. "Wallahi, Àǹtí, oṣù kẹta rèé. Mò ń bì ṣáá." Ìyá ọkọ rẹ̀ pòṣé. Ó ti búra pé bó bá jẹ́ irọ́ ni, ọmọ òun á kó ẹrù ìyàwó náà síta.

Mo ní kó tọ̀ sínú ike, mo sì ki pépà àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ náà. Ẹ̀rún wúrà tí ojú ò lè rí ló wà lára rẹ̀; bí wọ́n bá bá puroteeni oyún pàdé, wọ́n á gbá a mú, wọ́n á jọ dúró lójú kan, ìlà oyún á sì pọ́n níbẹ̀. Ìlà tó ń sọ pé pépà náà ṣì dára nìkan ló pọ́n. Mo fura pé ooru ti ba pépà náà jẹ́, mo tú páálí mìíràn. Bákan náà ni. Mo wá fura sí ọmọbìnrin náà pátápátá, mo ní kó lọ tún òmíràn tọ̀.

Ó pẹ́ kó tó jáde. Èyí tó gbé wá mọ́ gaara.

"O bomi sí i!" Inú bí mi gan-an.

Ó bú sẹ́kún. "Díẹ̀ ló jáde, Àǹtí. Mo ní kó lè tó ni."

Mo ki pépà bọ̀ ọ́, kí n lè dójú tì í níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ìlà méjì pọ́n.

Ojú tì mí. Mo kọ́ ọ níléèwé, ìfura ni kò jẹ́ kí n rántí: puroteeni náà ti pọ̀ jù. Ó kún ọwọ́ wúrà, ó tún gba ojú ìlà, wúrà ò ríbi dúró, ó kọjá lọ. Omi ló bá wa dín in kù. Èyí tó bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ oyún rere. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yàwòrán inú rẹ̀: oyún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè kó o kúrò kó má baà pa á.

Èmi ni mo sọ fún un. Kò bèèrè ọmọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mi ò purọ́."