Bàtà Méjì Láti Ilé Kan

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ kíkan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lọ́nà Ayétòrò, kó tó rí ògiri ilé-iṣẹ́ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ rárá. Lórí oko bàbá bàbá mi ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bàbá mi lo ọdún méjìdínlógún nídìí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, títí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tuntun dé, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Èmi gboyè ní yunifásítì, mo sì fi ọdún mẹ́rin jókòó ti ìwé ẹ̀rí mi. Ìran mẹ́ta: ọ̀kan pàdánù ilẹ̀, ọ̀kan pàdánù iṣẹ́, ọ̀kan ò tiẹ̀ rí èyí tí yóò pàdánù.

Nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn ń wá èèyàn márùn-ún tí yóò máa bó ẹ̀gẹ́, n kò ṣe fújà. O ṣáà mọ àṣà wa nídìí omi ẹ̀rọ: ẹni tó bá tètè dé á fi bàtà ẹsẹ̀ kan sórí ìlà, á lọ jókòó, bàtà á dúró dè é. Ilé kan, bàtà kan. Bí a ṣe ṣe níwájú géètì nìyẹn ní ìdájí. Bàbá mi ló fi bàtà rẹ̀ bá mi gbàyè. Ó ní òun kàn ń sìn mí lọ ni.

Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ní kí kálukú dúró lórí bàtà rẹ̀, mo bọ́ sórí bàtà òsì bàbá mi, ipò kẹrin. Mo wẹ̀yìn. Bàbá mi ti dúró lórí ti ọ̀tún, ipò karùn-ún.

"Bàbá, ẹ̀yin náà kẹ̀?"

"Bí wọn ò bá gbà ọ́, wọ́n á gbà mí. Wọ́n mọ ọwọ́ mi."

Ọmọkùnrin tó wà ní ipò kẹfà, tí a jọ lọ sílé ìwé girama, gbọ́. "Ilé kan, bàtà méjì!" ló figbe ta. "Ẹ wo baba olójúkòkòrò! Ẹ lọ máa jẹ pẹ́ńṣàn yín jàre!"

"Pẹ́ńṣàn wo? Ṣé ìyá rẹ ni wọ́n fi rán sí mi ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn ló ta ọmọkùnrin náà lára. Ó ti bàbá mi; bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà, ó fi gbá a létí. Ni ọmọkùnrin náà bá fa igi tí wọ́n fi ń dábùú géètì yọ, ó gbé e ba bàbá mi lẹ́nu. Mo gbọ́ ìró eegun. Eyín méjì bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà ya bo bàbá mi, wọ́n ń tà á nípàá, torí pé bí ẹnì kan bá kúrò, ìlà á sún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fa kóbókò yọ, ẹni tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ nà.

"Má kúrò lórí bàtà!" ni bàbá mi ń pariwo, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Má kúrò níbẹ̀ o!"

N kò kúrò.

Nínú ọ́fíìsì, akọ̀wé wo ìwé ẹ̀rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sìsítà, ìwé yín ti pọ̀ jù fún ẹ̀gẹ́ bíbó." Orúkọ márùn-ún ti wà ní títẹ̀ lórí bébà iwájú rẹ̀, kò sí ọmọ ìlú wa kankan níbẹ̀.

Mo bá bàbá mi lábẹ́ igi kajú, ó di bàtà ọ̀tún mú. "Wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n ní kí n padà wá."

Ó rẹ́rìn-ín, àlàfo pupa yọ lẹ́nu rẹ̀. Títí dòní ló ń bi mí pé ọjọ́ wo.

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà, ojú ewé mẹ́rin. Mo to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ilẹ̀ tí wọ́n gbà, ọdún méjìdínlógún, orúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kóbókò. Mo kọ ọ́ pé ara wa la lù ní àlùbolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ju òkúta kan lu géètì wọn. Wọn ò fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan wà tí n kò kọ síbẹ̀, torí n kò mọ ẹni tí ǹ bá kọ ọ́ sí: láti ipò kẹrin dé ipò karùn-ún, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni.