Bí A Ṣe Ro Oko Olóko Nítorí Ọpẹ́ Sájẹ́ńtì

Kí ìrì tó gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo fi ọkọ́ ro ilẹ̀ láti Ìlọrà dé Fìdítì, tí irin ọkọ́ náà pọ́n bí ẹyín iná, tí àwọn ará Jóbẹ̀lẹ̀ fi wá sun iṣu lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó máa bọ̀ wá bi mí.

Ìyá mi ló lé mi dé oko. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, igi ni àbúrò mi fi rìn wọlé. Ọta ìbọn ti bà á nítan, sájẹ́ńtì kan ló sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn títí tí wọ́n fi bọ́. Nígbà tí a ó fi gbọ́, ará Fìdítì ni sájẹ́ńtì ọ̀hún, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Wọ́n ní ó ti ja ogun Bọ́mà rí, pé àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba fún un ju èyí tí ẹ̀wù kan lè gbé lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, tòun ti ṣòkòtò penpe àti àdá, ẹ ó ní kó wá bá yín ru igi ni.

Láti ìgbà náà, ara ìyá mi ò balẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó wọ mọ́tò lọ dúpẹ́ ní Fìdítì. Kí a tó dé, ọkùnrin náà ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko. A gbé iṣu sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ọkọ dá a padà.

“Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni,” ni ìyá mi ń wí. “Ṣé kí n kú bí olè ni?”

Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún máa wá ìjókòó. Kí n tó gbé òkèlè mì, á ti bi mí pé èwo la wá fẹ́ ṣe.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká ro oko rẹ̀,” ni mo wí. “Kò lè dá ìyẹn padà.”

Olóko ló máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ fúnra rẹ̀, táá sì se oúnjẹ. Tiwa yìí, olóko ò mọ̀. Ọjọ́ tó lọ kí àna rẹ̀ ní Ìwàrè ni a kó ẹbí àti aládùúgbò lọ. Èmi ni mo ní mo mọ oko náà, pé pèrègún ni ààlà rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gún ọ̀pẹ̀ òyìnbó ha wá lẹ́sẹ̀ yánnayànna. Oòrùn ti dé àtàrí kí ọkùnrin kan tó yọ, tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Oko mi ti fẹ́ di igbó mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oore wo ni mo ṣe yín?”

Oko sájẹ́ńtì wà ní òdìkejì pèrègún.

Ìyá mi wò mí. “Ìwọ lo mọ oko.”

“Màámi, pèrègún ni kò sọ̀rọ̀.”

Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ẹ̀rín. Sájẹ́ńtì ti dé láti Ìwàrè, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi di igi mú. Kó tó rántí pé sísá ló yẹ kóun sá, ìyá mi ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ dìde, ìyá. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?”

“Mi ò dìde. Ẹ dúró kí n dúpẹ́ ọmọ mi, ọkọ mi.”

Sájẹ́ńtì wo ilẹ̀. “Àwọn tí mi ò lè pọ̀n lójú ogun ńkọ́? Ìyá tiwọn ò mọ ọ̀nà Fìdítì.”

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Èmi mọ̀ ọ́n. Mo bá wọn kí yín.”

Ni sájẹ́ńtì bá wọ ahéré, ó kó gbogbo àmì ẹ̀yẹ sáyà tí kò ní ẹ̀wù, ó yan wá síwájú ìyá mi, ó sálúùtù, àwọn ẹyẹ orí igi sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ibi yìí ni mo ti purọ́. Kò wọ ahéré, kò sálúùtù, mi ò sì fojú kan àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ rí láyé mi. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ìyá mi dìde, ó ní, “Mo gbọ́, ìyá. Ẹ ṣeun.” Ó mú un lọ sábẹ́ igi ọsàn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti sùn lọ fọnfọn, tí àwa sì ré kọjá pèrègún lọ bẹ̀rẹ̀ oko tòótọ́.