Ọjọ́ tí Ìyá Kò Kí Mi Lórí Tẹlifóònù

Bẹ́ńṣì tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí lọ́sibítù wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹnu ọ̀nà ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo ń dúró sí, ní Erékùṣù Èkó níbí, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí èrò á ti kún: ẹni tí etí ń dùn, ẹni tí agbọ́n ta l'Ọ́balénde, ọmọ tó ń wúkọ́ láti àná. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́ gan-an á wá jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn, kí n má purọ́.

Nígbà tó yá, mo ta ọgbọ́n kan. Tẹlifóònù wà lórí tábìlì mi. Ládùúgbò ọkọ mi n'Ísàlẹ̀ Èkó, ilé akọ̀wé lọ́yà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Igbosere nìkan ni tẹlifóònù wà. Mo sọ fún àwọn obìnrin agboolé wa pé kí wọ́n tó wọ takisí wá bá mi, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ ìyàwó akọ̀wé, kí wọ́n pè mí. Bó bá jẹ́ ohun tí omi àti oògùn ibà lè wò, n ó sọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sáré wá. Ọ̀rọ̀ náà ràn kiri àdúgbò, bẹ́ńṣì sì fúyẹ́. Mátírọ́ọ̀nù tó ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ dákẹ́.

Àmọ́ ìkíni ò jẹ́ n gbádùn. Ìyá ọkọ mi gan-an lọ̀gá wọn. Wọ́n á kí mi kú iṣẹ́, kú ooru, kú ìdúró; wọ́n á kí àwọn ọmọ mi tí Ìyá fúnra wọn wẹ̀ fún mi láàárọ̀; wọ́n á kí mátírọ́ọ̀nù tí wọn ò rí rí. Ìgbà yẹn ni yóò tó kan ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo bá ṣòfin: kí ẹnikẹ́ni má kí mi lórí tẹlifóònù mọ́, àìsàn ni kí wọ́n sọ. Èmi, ìyàwó ilé! Ìyá ní ìwé tí mo kà ti bà mí jẹ́, wọn ò sì yé kí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé tẹlifóònù, ohùn Ìyá ni. Wọ́n ní ara ọmọ àbúrò ọkọ mi gbóná díẹ̀, pé ìyá rẹ̀ wà lọ́jà, pé àwọn ti pọ̀n ọ́n, ó ń sùn. Mo ní kí wọ́n fi omi nu ara rẹ̀, kí wọ́n fún un lómi mu tó bá jí. Wọ́n ní ó dáa. Inú mi dùn pé Ìyá ti gbọ́ràn wàyí. Mo ti fẹ́ gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e padà sétí. Ìyá tó kí mi títí lọ́jọ́ tí a sin bàbá ọkọ mi?

"Ìyá," mo ní, "ẹ ò kí mi."

Lágboolé wa, àgbà kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi wọlé.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "mo ti pe ọmọ yìí títí. Kò dá mi lóhùn."

Mo ní kí wọ́n wọ takisí kíákíá. Ẹnu géètì ni mo ti pàdé wọn, mo tú ọmọ náà lẹ́yìn wọn, ó rọ jọwọlọ. Bẹ́ńṣì ò kún lọ́jọ́ náà, lójú ẹsẹ̀ ni dókítà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ibà ti ràn dé ọpọlọ. Ìyá jókòó, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, èmi ò sì lè wo ojú wọn. Òfin mi ló fẹ́ pa ọmọ yẹn. Ìkíni Ìyá, ohun tó yẹ kó ta mí lólobó, ni mo ti fi ẹnu ara mi lé dànù.

Ọjọ́ kẹta lọmọ bú sẹ́kún pé òun fẹ́ mu ẹ̀kọ. Èmi náà sunkún.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyá pè mí. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, kú ooru, kú ìdúró, wọ́n kí mátírọ́ọ̀nù. Mo fa àga, mo jókòó, mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n parí, mo bi wọ́n pé ara ta ni ò yá.

Wọ́n ní kò sẹ́ni kankan, àwọn kàn ní kí àwọn kí mi ni.